Igi Orí Ilẹ̀ Wa àti Ooru Inú Ilé Wa

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi owó àjẹṣẹ́kù ra ilẹ̀ ní Mowe, ní Ibafo àti ní àyíká Redemption Camp. Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí katapílà wó gbogbo igi orí rẹ̀. Bí a bá kó wọlé tán, a óò máa ráhùn pé ooru pọ̀. Igi tí a wó yẹn wà nínú ohun tó fa ooru náà.

Ní 1978 ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí. Nígbà tí Ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ síbẹ̀ ní 1983, igbó ni. Lónìí, páànù àti kọnkéré ló gba ibẹ̀.

A lè wọn ìyàtọ̀ náà. Landsat 5, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó gòkè ní 1984 tó sì ṣiṣẹ́ títí di 2013, àti Landsat 8, tó gòkè ní 2013, ní ojú tó ń rí ooru tó ń jáde lára ilẹ̀, òrùlé àti ewé. Láti 2008 ni ẹnikẹ́ni ti lè gba àwòrán Landsat lọ́fẹ̀ẹ́. Nílẹ̀ olójò bíi tiwa, ibi tí igbó ti di ilé máa ń gbóná lọ́sàn-án ju ibi tí igi ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́: ooru ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ìkùukùu sì máa ń dí wọn lójú lásìkò òjò.

Kí ló fà á? Ẹ rántí àmù àwọn ìyá wa. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ooru ń bá a lọ, omi inú rẹ̀ sì ń tutù. Bẹ́ẹ̀ ni igi: gbòǹgbò ń fa omi, ewé ń tú u sáfẹ́fẹ́. Páànù kò ní omi tí yóò tú; ńṣe ló ń gbóná.

Ojú ooru Landsat 8 kò lè dá púlọ́ọ̀tì kan mọ̀. Ibi tó kéré jù tó ń rí jẹ́ mítà 100 níbùú lóròó, ìyẹn nǹkan bí púlọ́ọ̀tì 15 tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Igi ẹnì kan yóò ṣíji bo àgbàlá rẹ̀, ṣùgbọ́n igi púlọ́ọ̀tì 15 lè tu àdúgbò lára. Bí a ṣe ń da owó jọ náà nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó bá ra ilẹ̀ sàmì sí àwọn igi ńlá kí katapílà tó dé. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé olúkúlùkù yóò dá igi méjì sí, tàbí kó gbìn wọ́n. Kí a má sì wó igi etí odò.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.