Òṣèlú àti Onídùúró: Ọ̀rọ̀ Tí Ọ̀kan Nínú Àwọn Ìyá Ẹgbẹ́ Sọ Níbi Àjọ̀dún Wa

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí òṣèlú ṣe ń ya ará ìlú nípá, àti ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi tiwa lè ṣe sí i. Mi ò kàwé púpọ̀. Ohun tí mo fojú rí ni màá sọ. Bí mo bá dé ibi tó dùn yín, ẹ ní sùúrù fún mi, torí ó dun èmi náà.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí ní 1965. Mushin yìí náà la wà, ṣùgbọ́n Mushin ò tíì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà yẹn. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn la wà. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìyá mi ń ta kẹrosíìnì, òun náà ló sì ń ṣe olórí àjọ àwọn obìnrin àdúgbò.

Ẹ̀yin ọmọ wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "wẹ́tíẹ̀" lẹ́nu àgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀tá méjì tó ti pẹ́ ló ń jà. Rárá o. Ẹgbẹ́ kan náà ni Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá, Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní 1959, Akíntọ́lá ló bọ́ sórí àga olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ fi máa pàdé ní Jos ní oṣù Kejì 1962, nǹkan ti bàjẹ́. Ní 25 oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn aṣòfin ń sọ àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Ní 1963, wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní 1964, Akíntọ́lá àti àwọn tirẹ̀ dá NNDP sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Dẹ́mọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Yorùbá ni èyí, Yorùbá ni tọ̀hún. Láàárín ọdún mélòó kan péré, a ti di ẹ̀yà méjì. Bí wọ́n bá pe èèyàn ní Dẹ́mọ̀ ní àdúgbò wa, ó burú ju kí wọ́n pè é lólè lọ.

Kí ló fà á? Ẹnu àìkò kọ́. Bàbá mi àti ìyá mi ò fẹnu kò lórí ohunkóhun, wọ́n sì bímọ mẹ́fà. Ohun tó fà á ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí pinnu gbogbo nǹkan. Iye owó orí tí wọ́n máa bù fún ọ, ẹgbẹ́ rẹ ni. Ẹjọ́ rẹ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ ni. Ọba pàápàá ò bọ́: Ọ̀dẹmọ ti Ìṣarà, Ọba Samuel Akinsanya, tó wà pẹ̀lú Awólọ́wọ̀, ìjọba sọ owó oṣù rẹ̀ di kọ́bọ̀ kan lọ́dún. Ta ló máa gbà kí ẹgbẹ́ òun fìdí rẹmi, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fìdí rẹmi, oúnjẹ rẹ̀ náà ti lọ? Ìwé ìròyìn náà pín sí méjì. Tribune ni ti Awólọ́wọ̀ láti 1949. Ìjọba dá Sketch sílẹ̀ ní 1964. Bàbá mi ò jẹ́ fọwọ́ kan Sketch láé, ọkùnrin kejì ilé wa ò sì jẹ́ ka Tribune. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, ìlú méjì ni wọ́n ń kà.

Ìbò 11 oṣù Kẹwàá 1965 ló wá da epo sí iná. Wọ́n ní Dẹ́mọ̀ wọlé, aráàlú ní irọ́ ni. Sísun ilé, sísun èèyàn, títí di 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966 tí àwọn sójà gba ìjọba, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà wẹ́tíẹ̀ yẹn, àwọn ọmọkùnrin kan gbé gálọ́ọ̀nù wá bá ìyá mi. Ọlọ́pẹ ni wọ́n. Ìyá mi náà, Ọlọ́pẹ paraku ni, àwòrán Awólọ́wọ̀ wà lára ògiri rẹ̀. Ó mọ ìyá àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo gálọ́ọ̀nù, ó wo ojú wọn, ó ní, "Kẹrosíìnì ti tán." Dúróòmù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbalaja. Láti ọjọ́ yẹn, ìgò-ìgò ló ń tà, fún ẹni tó bá gbé àtùpà tàbí sítóòfù wá nìkan. Bàbá mi bínú nítorí owó. Àwọn ọmọ náà pè é ní Dẹ́mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kẹrosíìnì tí kò tà gba ẹnikẹ́ni là. Wọ́n rà níbòmíràn, wọ́n sì sun ilé ọkùnrin Dẹ́mọ̀ kan ní òpópónà kejì sí tiwa. Orí yọ ọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti sá.

Ìyàwó yẹn wà nínú àjọ ìyá mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó kó. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn yòókù ní kí wọ́n pín owó náà, ta ló máa kó owó Ọlọ́pẹ fún Dẹ́mọ̀? Ìyá mi ní, "Ṣé Dẹ́mọ̀ ló ń dá a ni, àbí Ìyá Alákàrà?" Pọ́n-ùn méje ni. Ó dì í sínú aṣọ, ó tì í sábẹ́ àpò ìrẹsì. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀ ní 1966, a wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta, èmi ni mo gbé agbọ̀n, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà ò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń ka owó náà, ó tún ń kà á.

Ọmọ obìnrin yẹn ni èmi tí mo dúró níwájú yín o. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Owó náírà wọ́n bí imí eégún, báǹkì ò sanwó. Ní 25 oṣù Kejì, a dìbò ààrẹ, Labour fi ìbò tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ju APC lọ l'Ékòó. Ìbò gómìnà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìlú yí padà. Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ àwọn Ígbò pé kí wọ́n má jáde dìbò, kódà wọ́n lé àwọn Yorùbá kan tí ojú wọn jọ ti Ígbò nídìí àpótí. Fóònù mi kún fún ohùn àwọn tí mi ò mọ̀ rí, pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wa. Mo gbọ́, mo gbà, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìyá onípańla tó jẹ́ Ígbò, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin péré ló wà láàárín wa. Mi ò bi í léèrè rárá.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbé fọ́ọ̀mù lóònù ẹgbẹ́ wá, ₦200,000, pé kí n dúró fún òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dúró fún un rí, kò sì jẹ mí ní kọ́bọ̀. Mo ní, "Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó padà wá. Mo ní ìgò ojú mi ò sí nítòsí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé," ó sì mú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Owó sọ́gundógójì ló lọ yá. Ó sanwó èlé yẹn títí ọjà rẹ̀ fi kù sórí tábìlì kan.

Ìyá mi, tí àwọn jàǹdùkú dúró níwájú rẹ̀, kò ta epo. Èmi, tí ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú, mo ta onídùúró mi. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀yà ló fà á, ẹ bi mí: ní 1965, ẹ̀yà wo ni Dẹ́mọ̀?

Mi ò ní kí a má ṣòṣèlú. Ẹni tó bá ní òṣèlú ò kan òun nínú ọjà yìí, ta ló ń bu owó ṣọ́ọ̀bù fún un, ta ni kò gbá gọ́tà? Ẹ dìbò, ẹ jiyàn, ẹ dá ara yín lóhùn. Ṣùgbọ́n kí ibì kan wà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ò ní máa bá wa wọlé. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tèmi. Àwọn èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, ẹ̀sìn wọn àti òṣèlú wọn ò dọ́gba. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ìyẹ̀fun ò ní dé ilé. Ìlànà àkọ́kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí ní 1995 náà sọ ọ́: a kì í wo ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí òṣèlú kí a tó gba èèyàn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nípàdé gbogboogbò wa nìyí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ̀ láti dúró fún ẹnì kan, kó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìgbìmọ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ ò mọ bó ṣe ṣòro tó láti fi ọwọ́ ara ẹni kọ "torí pé Ígbò ni." Bí ìdí náà ò bá kan owó, kí ìgbìmọ̀ fi owó ìfipamọ́ onítọ̀hún ṣe onídùúró. Èkejì, ìrẹsì àti ankara olóṣèlú, ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á lórúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe lórúkọ ẹgbẹ́. Mo mọ̀ pé èyí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú ìgbìmọ̀. Ẹ má bínú.

Ìyá onípańla ló jókòó ní ìlà kẹta yẹn. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, èmi àti ọmọ mi. Lóṣù tó kọjá, ó gbé fọ́ọ̀mù tuntun wá, mo sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì máa bá mi jẹun lọ́sàn-án bíi ti tẹ́lẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi. Àbá tí mo kọ náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé.