Òṣómàáló: Ìforítì Nínú Ọjà Títà

 

Ìforítì nínú ọjà títà ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ibi tí ọkàn mi sì kọ́kọ́ lọ ni Iléṣà. Nínú gbogbo oníṣòwò tí ilẹ̀ Yorùbá ti bí, mi ò mọ èyí tí okìkí ìforítì rẹ̀ kàn tó ti àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Òṣómàáló. Wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọn ò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Apá ibẹ̀ yẹn ni gbogbo wa mọ̀, òun náà la sì fi ń bá àwọn ará Iléṣà ṣàwàdà. Lójú tèmi, lílóṣòó yẹn ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó sọ wọ́n di olówó ni pé wọ́n ń padà lọ. Abúlé tí wọ́n tajà sí lọ́dún yìí náà ni wọ́n ń ru aṣọ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá náà ni wọ́n sì ń tẹ́ aṣọ tuntun sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ ká gba ibi ogun wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1877 ni ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pawọ́ pọ̀ kọjú sí Ìbàdàn, tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé Agbógungbórò sì ń ṣe ọ̀gágun wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ẹni 20 ọdún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti di ẹni 36 kó tó padà sílé. Kí ni kó wá fọwọ́ ṣe? Oko wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ti là. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn kò dúró síbẹ̀; nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1907, ó ti dé Òṣogbo. Láti Iléṣà sí Òṣogbo kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ. Aṣọ òyìnbó wá di ohun tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ rà ní Òṣogbo, kó sì rù ú wálé.

Ohun kan wà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà yìí tètè rí. Aṣọ kún ilé ìtajà àwọn òyìnbó ní Òṣogbo. Àgbẹ̀ tó wà lábúlé nílò aṣọ fún ọdún, fún ìsìnkú, fún ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kòkó kì í fowó fún àgbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà ìkórè ni owó máa ń dé, tó bá sì ti kọjá, ó di àmọ́dún. Ẹni tó bá dúró de owó ọwọ́, àgbẹ̀ kò ní ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá lè gbé aṣọ sílẹ̀ lónìí, kó sì ní sùúrù tí yóò fi gba owó rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, òun ló ni ọjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kọ nípa wọn nínú Ijeshas and Nigerians tó jáde ní 1983, mo sì rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ wá ìwé náà kà.

Iṣẹ́ náà le. Ẹrù aṣọ wà lórí ọ̀gá, ó wà lórí àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé e, wọ́n á sì forí lé ọ̀nà Èkìtì, Àkókó, Ìgbómìnà, kódà àwọn mìíràn kọjá lọ sí Òkè Ọya. Ilé onílé ni wọ́n ń sùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tú ẹrù, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti oko dé. Ìyá kan á sún mọ́ tòsí, á fọwọ́ kan aṣọ, á jù ú sílẹ̀, á tún mú un. Á ní, “Aṣọ yìí dáa o, àmọ́ kò sówó lọ́wọ́ mi.” Òṣómàáló náà á ní, “Ìyá, ta ló bi yín léèrè owó? Ẹ máa ró o. Tí ẹ bá ta kòkó, n ó dé.” Iye tí aṣọ àwìn ń lọ ga ju iye tí wọ́n ń ta ti owó ọwọ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ nígbà tí a bá tún dé, ìyókù lẹ́yìn ìkórè: bí wọ́n ṣe ń san án nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Ó gbé aṣọ tó fi owó rà lé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, láìsí ìwé kankan láàárín wọn. Àwa tí a ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ okòwò lónìí, tí a bá ti dárúkọ ìforítì, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ká máa rọ oníbàárà títí yóò fi gbà. Òṣómàáló ti kọ́kọ́ fọkàn tán oníbàárà ná, kí ọ̀rọ̀ fífi dandan gbowó tó dé rárá.

Wàyí o, ọjọ́ àdéhùn pé. Àfẹ̀mọ́jú ló ń dé, kí àgbẹ̀ tó gbé àdá. Á kí onílé kú àárọ̀, á bi í léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, á wá lóṣòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé àpótí fún un, kò jókòó. Wọ́n fi ẹ̀kọ lọ̀ ọ́, ó ní òun dúpẹ́. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń lọ sódò ń kí i, wọ́n sì ti mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Onílé wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Nígbà tó bá yá, owó á jáde, ó lè máà pé, àmọ́ nǹkan á jáde. Ọkùnrin náà á gbà á, á dúpẹ́, á sì nàró. Kó tó kúrò lágbo ilé náà, ó lè ti tẹ́ aṣọ mìíràn sílẹ̀ fún ìyá kan náà.

Ibi tí mo ń lọ gan-an ló kù yìí. Dídúró ti onígbèsè kì í ṣe ohun tí Ìjẹ̀ṣà dá sílẹ̀. Àwọn baba wa ní ológò láyé àtijọ́, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á máa pariwo, á máa bú wọn, á máa pa ẹran ọ̀sìn wọn jẹ, títí ayé á fi sú ẹni tó wà nílé. Kò sí ohun tó kan ológò bí onígbèsè àti olówó bá di ọ̀tá títí láé. Tirẹ̀ ni kó gbowó, kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló ló tajà fúnra rẹ̀, òun náà ló ń gbowó, òun náà ló sì fẹ́ ta òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí rèé tó fi ń lóṣòó tí kò lu ẹnikẹ́ni. Bó bá ba ojú ọ̀nà jẹ́ lónìí, ọ̀nà ibẹ̀ kò ní gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù báyìí. Èèyàn yáwó, ọjọ́ pé, kò rí san. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́mbà tó wà nínú fóònù rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, pé olè ni, pé kí wọ́n bá wọn mú un. Ọ̀rọ̀ náà burú débi tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde ní 2022 láti fi dẹ́kun ìwà ìdójútini yìí. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń gbèjà wọn pé ìforítì ni, pé iṣẹ́ Òṣómàáló náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Irọ́ ni. Ológò ni wọ́n, ológò tí a kò rí ojú rẹ̀. Òṣómàáló kò ní kó ìtìjú ẹnì kan kiri ìlú, nítorí ìlú yẹn náà ló ti ń jẹun.

Kì í ṣe gbogbo gbèsè ló ń san ara rẹ̀ tán o. Lẹ́yìn 1929, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, tí iye tí kòkó ń lọ já wálẹ̀, lílóṣòó kò lè fa owó jáde níbi tí owó kò sí. Oníṣòwò tó gbọ́n á mọ èyí tí kò ní àti èyí tí kò fẹ́ san. Mo rò pé ìmọ̀ yẹn gan-an ló ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí ojú kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń ṣe síni.

Irú ìgbà tí owó kò sí bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lójú wa. Láti 2015 títí di 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò san owó oṣù pé fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń gba àbọ̀. Àwọn ìyá tó ń gbé àǹkárá àti léèsì lọ sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń gbowó tí owó oṣù bá wọlé, jẹ nínú ìyà náà. Mo bá díẹ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀. Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lára wọn ni ìyá kan tó ní òun lọ bá oníbàárà òun lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ní kí kálukú sọ iye tó lè máa san tí kò ní pa ọmọ rẹ̀ lébi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, orúkọ lápá òsì, owó lápá ọ̀tún. Oṣooṣù ló ń lọ, àní nígbà tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n máa fún un. Mo bi í pé kí ló ń lọ ṣe nígbà náà. Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí mi ò bá yọjú, ojú mi á máa tì wọ́n, wọ́n á máa sá fún mi. Ẹni tó bá ń sá fún mi kò lè ra aṣọ lọ́wọ́ mi mọ́.” Nígbà tí owó oṣù tún pé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n padà sí. Ìyá yìí kò jókòó ní kíláàsì wa rí, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà jù ú lọ.

Ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ wa ló kù. Wọ́n ń tajà lórí WhatsApp àti Instagram, wọ́n ń gbé àwòrán ọjà síta láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìforítì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, n kò bá wọn jà. Àmọ́ tí ẹ bá bi wọ́n pé àwọn wo ló rajà lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó kọjá, ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹni tuntun ni wọ́n ń wá kiri lójoojúmọ́, ẹni tó ti rajà kò sì gbúròó wọn mọ́.

Àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Òṣómàáló láyé ọjọ́un kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títa. Ẹrù ló kọ́kọ́ ń rù, fún ọdún mélòó kan. Ó ń mọ ọ̀nà, ó ń mọ orúkọ àwọn onílé, ó ń rí bí ọ̀gá ṣe ń kí èèyàn ṣáájú kó tó bèèrè owó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá tó ń fún un ní aṣọ tàbí owó díẹ̀ kó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Owó irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ kọ́lé sí Iléṣà, ó sì rán ọmọ lọ síléèwé. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, àwọn ọmọ oníṣòwò sì wà lára àwọn tó jókòó níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà tó wà níbí nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá sí ìsọ̀ yín láti kọ́ṣẹ́, ẹ sì máa ń fi wọ́n sídìí ọjà kí wọ́n máa dá oníbàárà lóhùn. Ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ gbowó àwìn pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tó jẹ yín lówó fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì rí ohun tí ẹ ń kọ sínú ìwé nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ̀ka wa ti ṣe tán láti fi máàkì sí i gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ wọn, tí ẹ bá gbà.