Nǹkan Oṣù Tó Dúró, Oògùn Họ́mọ́ọ̀nù àti Àrùn Fáírọ́ọ̀sì: Ọ̀rọ̀ Ìlera Tí A Sọ Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Wa

  Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Owó tí a ń dá sí alájẹṣẹ́kù yìí, ara líle la fi ń rí i dá. Ìdí nìyí tí àwa tí ẹgbẹ́ fi ètò ìlera lé lọ́wọ́ fi mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ sọ ní gbangba: ìgbà tí nǹkan oṣù bá dúró, oògùn họ́mọ́ọ̀nù tí àwọn kan ń lò sí i, àti bóyá oògùn náà lè gbà wá lọ́wọ́ àrùn bíi Kòrónà.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA?

Bí obìnrin bá lo ọdún kan gbáko láì rí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe ọmọ ló ń tọ́ lọ́wọ́, tí kì í sì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló fà á, ó ti dúró nìyẹn. Láàrin ọdún 45 sí 55 ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1990 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà fi í sí nǹkan bí ọdún 48.

Ilé ẹyin inú obìnrin ló ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní estrogen. Bí iṣẹ́ ilé ẹyin bá parí, estrogen á wálẹ̀. Òun ló fà á tí ooru á fi bo èèyàn lójijì nídìí ìsọ̀, tí á máa làágùn nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ẹlòmíràn, tí oorun á dá lójú lóru, tí ojú ara á gbẹ, tí egungun á sì máa fúyẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ kò sì kóra jọ sínú ikùn ẹnikẹ́ni.

ESTROGEN ÀTI ÀWỌN ỌMỌ OGUN ARA

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpèjúwe. Bí olè bá wọ ọjà, ẹni tó kọ́kọ́ rí i á pariwo, àwọn yòókù á ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn, àwọn ọdẹ á sì sáré dé. Bẹ́ẹ̀ ni ara wa náà ń ṣe. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, èròjà kan tó ń jẹ́ interferon ni ariwo tí ara kọ́kọ́ pa. Estrogen máa ń ran àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti tètè pa ariwo náà. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ara obìnrin tí kò tíì dàgbà máa gbógun ti ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ju ti ọkùnrin lọ, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára náà sì máa ń mú dáadáa lára rẹ̀.

Bí estrogen bá lọ, ariwo náà lè falẹ̀. Iná kékeré kan sì lè máa jó lábẹ́lẹ̀ nínú ara tí kì í kú. Bí àrùn bá dé, iná yìí lè ràn kọjá ààlà. Nígbà Kòrónà, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ló pa èèyàn. Ìjà àjàjù tí ara fúnra rẹ̀ ń jà ló ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí dexamethasone, tó ń pa irú iná bẹ́ẹ̀, fi dín ikú kù láàrin àwọn tí wọ́n ti wà lórí ọ́síjìn, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí RECOVERY ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi hàn ní oṣù kẹfà 2020.

Kòrónà kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún wa. Ta ni kò ní ẹbí ní Abíjàn nínú wa? Ní ìparí oṣù kẹta 2020, èèyàn wa 127 tí wọ́n ti Côte d'Ivoire dé ni ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Èjìgbò, wọ́n sì bá fáírọ́ọ̀sì náà lára àwọn kan nínú wọn. Nínú oṣù yẹn kan náà, ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí ẹ̀dá fáírọ́ọ̀sì náà palẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

ṢÉ OÒGÙN HỌ́MỌ́Ọ̀NÙ LÈ DÍ I?

Àwọn onímọ̀ bi ara wọn pé: bí a bá dá estrogen padà fún obìnrin tó ti dàgbà, ṣé kò ní bọ́ lọ́wọ́ ikú Kòrónà? Ní 2022, àwọn ará Sweden tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin 14,685 tí wọ́n wà láàrin ọdún 50 sí 80. Nínú 100 tí kò lo oògùn họ́mọ́ọ̀nù, bíi 5 ni Kòrónà pa. Nínú 100 tó ń lò ó, bíi 2.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ sí kẹ́míìsì. Àwọn tó ń rí oògùn yìí lò sábà máa ń jẹ́ ẹni tó lówó díẹ̀, tó ń rí dókítà déédéé, tí ara rẹ̀ sì ti le tẹ́lẹ̀. Dókítà kì í fún ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ara líle wọn ló gbà wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ní 2021, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tó ń lo họ́mọ́ọ̀nù ló ń sọ pé àwọn ní àmì Kòrónà jù. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ojú méjì báyìí, a kì í fi ẹ̀mí ta á.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ní 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà, èyí tí obìnrin 16,608 wà nínú rẹ̀. Nínú 10,000 obìnrin tó ń lo estrogen pẹ̀lú progestin fún ọdún kan, jẹjẹrẹ ọmú fi 8 lé, rọpárọsẹ̀ náà fi 8 lé. Ṣùgbọ́n ìbàdí tó ń ṣẹ́ fi 5 dín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró tó ọdún 10, èrè rẹ̀ máa ń ju ewu lọ. Ní oṣù kọkànlá 2025, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò mú púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ ńlá ara páálí oògùn náà kúrò. Èyí tó kan jẹjẹrẹ ilé ọmọ fún ẹni tó ń dá estrogen nìkan lò, wọ́n ní kó wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú gbọ́dọ̀ lo progesterone tàbí irú rẹ̀ mọ́ ọn.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN FÚN

Ẹ má lo họ́mọ́ọ̀nù nítorí Kòrónà tàbí ọ̀fìnkìn. Bí ooru àti àìsùn bá ń dà yín láàmú, ẹ lọ bá dókítà. Oògùn náà wúlò fún ìyẹn. Fún ojú ara tó gbẹ, ìpara estrogen wà. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì, torí awọ ibẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́ máa ń tètè bó, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ má gba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́wọ́ ọmọ yín lò. Agbára rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan tàbí àrùn ẹ̀dọ̀, kó sọ fún dókítà kó tó gba ohunkóhun. Ẹni tó bá sì tún rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tó ti dúró, kó má sọ pé òun tún ti di ọ̀dọ́ o. Kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọwọ́ fífọ̀, ìsọ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀, àti ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló dájú.

Ẹ̀bẹ̀ wa kan ló kù sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. A máa ń yáwó níbí kún ọjà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, kí a máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn ara wa ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, kí ẹni tí ooru ń mú lè sọ ọ́ láì tijú. Owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́, alààyè ló ń ná an.