Kí Káńsù Náà Ṣírò Owó Fún Wa



Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ọdún bá parí, akápò á ka ìṣirò owó sétí gbogbo wa. Ẹni tí kò bá yé á béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí káńsù máa ṣe. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìtọ́jú ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ọdún 2011 sì fún wa láyè láti kọ̀wé béèrè ìṣirò. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún wọn láti fèsì.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa, èló ló wọlé? Gọ́tà wo ni wọ́n fi tún ṣe? Ẹ jẹ́ ká jọ fọwọ́ síwèé kan, ká béèrè. Kì í ṣe ìjà. Owó wa ni.

Ẹgbẹ́ wa á máa gbèrú o. Àṣẹ.