Eré Ni Kí Ẹ Fi Kọ́ Wọn: Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Kékeré
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn olùkọ́ àti òbí ní Lálúpọn

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ọmọ kékeré tí a bá fi eré kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ ọ́. Èyí tí a bá fi pàṣán kọ́ yóò kàn há a sórí ni, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì ní tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lálúpọn gan-an ló yẹ kí á ti sọ ọ́, nítorí pé ní ìlú bíi tiwa yìí, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó, ọmọ kì í bá Gẹ̀ẹ́sì nílé. Yorùbá ni ìyá fi ń bá a wí, Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣeré lójúde. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó fi wà lọ́wọ́ olùkọ́ ni gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ní lójúmọ́. Bí a bá ní kó fi ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn máa wí "This is a pen" tẹ̀lé wa títí aago yóò fi lù, a ti fi wọ́n ṣòfò.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé Yorùbá tí ọmọ ń sọ ni kò jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán mọ́rán. A ti dán èyí wò nílẹ̀ wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó gbọ́ èdè náà dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ kejì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ní kíláàsì kẹrin, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìdánwò wọ̀n wọ́n, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n tilẹ̀ tún ta àwọn yòókù yọ. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Macauley àti Sokoya, kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1989. Ẹ̀kọ́ tí èmi rí dì mú níbẹ̀ ni pé wákàtí Gẹ̀ẹ́sì kan tí olùkọ́ múra sílẹ̀ fún sàn ju odidi ọjọ́ tí ọmọ fi jókòó síwájú ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Èmi kò fara mọ́ ìyípadà yìí, mo sì sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí òfin bá lọ síhìn-ín, bó lọ sọ́hùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́fà yóò jókòó síwájú yín láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe fún un?

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ kó tó sọ. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, James Asher, kíyè sí i láàárín ọdún 1960 sí 1970 pé ọmọ a máa fi ara dáhùn àṣẹ tipẹ́tipẹ́ kó tó fi ẹnu dáhùn. Gbogbo ìyá tó wà níbí ló mọ èyí. Ẹ ó ní "Wá", ọmọ á rá wá. Ẹ ó ní "Jókòó", á jókòó, bẹ́ẹ̀ kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: "Stand up", "Touch your nose", "Run to the door". Kí olùkọ́ kọ́kọ́ máa ṣe é pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà kó dúró jẹ́ẹ́, kó fi ẹnu nìkan pàṣẹ. Nígbà tó bá yá, kí ọmọ kan bọ́ síwájú, kó máa pàṣẹ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gba owó, kò gba àga.

Eré ọjà ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ wa mọ bí wọ́n ṣe ń ná gàrí àti epo kí wọ́n tó mọ ABD. Ẹ to agolo òfìfo, ṣùkù àgbàdo àti ọsàn sórí bẹ́ńṣì, kí òkúta wẹ́wẹ́ jẹ́ owó. "How much is this?" "It is too much." Kí wọ́n ná an dáadáa, kí wọ́n yarí, kí wọ́n ṣe bí ẹni ń lọ, kí ọlọ́jà pè wọ́n padà. Ẹ wá fi òfin kan sí i: bí oníbàárà bá ní "Give me the orange", ẹyọ kan ni kí ọlọ́jà fún un, bó bá ní "Give me the oranges", kó kó gbogbo rẹ̀ fún un. Irú "s" yẹn kì í sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ní èdè tiwa, ìdí nìyí tí ọmọ fi ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ lè kọ òfin rẹ̀ sí ojú pátákó fún odidi sáà kan, kó má wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí "s" kan ṣoṣo ná ní ọsàn mẹ́rin kò ní gbàgbé mọ́.

Bákan náà ni "he" àti "she". "Ó" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ jókòó yí ká, kí wọ́n máa fi òkúta kan ránṣẹ́ gba ẹ̀yìn ara wọn. Ẹni tó wà láàárín ló ń wá a. Bó bá ní "She has it", àwọn obìnrin nìkan ni yóò la ọwọ́. Bó bá ní "He has it", àwọn ọkùnrin nìkan. Ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ mú yóò pàdánù òkúta, láìsí pé olùkọ́ sọ pé "ó ti ṣì í." Eré fúnra rẹ̀ ló tọ́ ọ sọ́nà.

Ìró náà ń kọ́? Yorùbá kò ní "v". Kí ọmọ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, kó wí "fan", kó wí "van". Yóò mọ ìgbà tí ọ̀fun ń gbọ̀n. Kí wọ́n lu agolo sí "tomato" àti "banana", kí àárín dún jù. Ọmọ onílù yóò tètè mọ̀ ọ́n.

Mo ní láti sọ èyí pẹ̀lú: orin òyìnbó tí ọmọ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mò ń wí. Ó dùn létí àlejò lọ́jọ́ àpéjẹ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè fi í béèrè omi. Eré tó ń kọ́ni ni èyí tí ọmọ kò lè ṣe láìlo ọ̀rọ̀ náà fún nǹkan kan. Nígbà tó bá sì ṣì í sọ, ẹ má dá eré dúró. Bó bá ní "Me I want water", ẹ dáhùn pé "You want water? Take it." Ó ti gbọ́ èyí tó tọ́, ojú kò tì í.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má pe ariwo irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní ìwà ọ̀lẹ olùkọ́. Ẹ fún un láyè lójoojúmọ́, kódà lábẹ́ igi, bí ọmọ bá ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin òbí, agolo àti ọ̀rá tí ẹ fẹ́ dànù, ẹ kó wọn fún ọmọ mú lọ sí ilé-ìwé. Gbogbo wa pátá, ẹ jẹ́ kí á dáwọ́ owó ìtanràn àti ẹgba tí à ń fi jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ Yorùbá dúró láti sáà yìí lọ.