Mọ́tò Alágolo àti Ọjọ́ Ọ̀la Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò máa retí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀dà, omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n, a kò sì ní dákẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí mo gbé ka orí tábìlì yìí. Mọ́tò ni. Kò gùn ju ọwọ́ mi lọ. Agolo ni a fi ṣe ara rẹ̀, ike ìgò omi ni gíláàsì rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà ni a gé ṣe táyà rẹ̀. Bí mo bá yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ rẹ̀, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ iwájú yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ìlú yìí tí kò tíì pé ọdún 13 ni ó ṣe é, kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe dé ọwọ́ mi. Mo dé ilé ọmọ náà ní ọjọ́ kan, mo bá bàbá rẹ̀ tí ó gbé mọ́tò yìí dání, ó ń lọ sí ààtàn. Ó ní eré yìí ni kò jẹ́ kí ọmọ òun kàwé. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi, ó sì fún mi. N kò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà, nítorí àánú ọmọ ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkàn mi bàjẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbé ọkọ̀ alágolo tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan gbà á, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ níwájú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà n kò ṣe òmíràn mọ́. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí ni pé kí a má ṣe tẹ ọgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ wa mọ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé àṣà tuntun ni. Ta ni nínú ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó síbí tí kò fi pòpórò àgbàdo tàbí ọ̀pá ògùrọ̀ ṣe ọkọ̀ rí nígbà èwe rẹ̀? Nígbà tí agolo mílíìkì àti agolo sadíìnì dé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi wọ́n ṣe fìtílà fún ilé, àwọn ọmọ sì fi wọ́n ṣe mọ́tò. Àwọn àgbà pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bọ̀lẹ̀kájà. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì, iwájú àti egungun ìdí ọkọ̀ Bedford ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn káfíńtà wa ni ó kan pákó sí i lẹ́yìn, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, àwọn akunlé wa ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí i lórí. Òyìnbó kó egungun wá, àwa fi ẹran bò ó. Ẹni tí ó ṣe bọ̀lẹ̀kájà ńlá àti ọmọ tí ó ṣe mọ́tò alágolo, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ti àwa ọmọ Ìlá, ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlú agbẹ́gilére ni ìlú wa. Olóògbé Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2009, ọmọ Ìlá ni. Inú ìdílé tí ó ti ń gbẹ́nà láti ìran dé ìran ni a bí i sí. Ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Arówóògùn ará Òsì, ní Oyè-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ. Ère Odùduwà tí ó gbẹ́ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò farasin. Ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ ọmọdé ni nígbà kan rí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ ọmọ yìí ṣe bá ti àwọn agbẹ́gilére mu. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn àgbà pín gbígbẹ́ ère sí: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nínú ọ̀nà lílé, agbẹ́gilére yóò fi àáké là ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń ṣe mọ́tò: yóò kọ́kọ́ ya ọkọ̀ náà sórí páálí, yóò gé páálí náà, yóò ká a, títí yóò fi rí ibi tí ó yẹ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì parí àti ibi tí òrùlé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Páálí kì í náni lówó. Ẹni tí ó bá ṣìṣe nínú rẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Àlétúnlé ni kí ó wá gbé páálí náà lé agolo, kí ó gé e, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì so ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ó dára jù fún irin tí ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí a bá kì í bọ inú ike báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, yóò máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Dídán ni kí a fi ayùn irin àti sáńpépà ra gbogbo etí rẹ̀ kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Fínfín ni ìlẹ̀kùn, iná, nọ́ńbà àti ọ̀dà, èyí tí a lè tọrọ ìsàlẹ̀ agolo rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń kun mọ́tò.

Òmíràn wà tí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí agolo. Yóò ṣa mọ́tò ìṣeré tí ó ti fọ́ jọ, yóò mú orí ọ̀kan, yóò fi sí ìdí èkejì, yóò tú mótò kékeré inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí ó ti kú, yóò fi rọ́bà àti bátìrì sí i, ọkọ̀ yóò sì máa dá rìn. Àjákù mẹ́ta di odidi kan. Iṣẹ́ tí mẹ́káníìkì wa ń ṣe lójoojúmọ́ kò ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí mọ́tò àti ère ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ìṣirò wà. Agbẹ́gilére a máa jẹ́ kí orí ère tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé orí ni olórí ara, òun ni a sì ń bọlá fún. Mọ́tò kò ní orí tí a ń bọ. Ohun gbogbo lára rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo pín. Ẹ jẹ́ kí a mú Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 407, ìbú rẹ̀ tó 154, gíga rẹ̀ tó 150. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ 240. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe é ní ìdá kan nínú 24, òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò káàkiri ayé, yóò pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 24. Gígùn yóò di 17, ìbú yóò di 6.4, gíga yóò di 6.25, àárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀ yóò sì di 10 géérégé. Ọmọ tí ó bá mú okùn ìwọ̀n lọ wọn mọ́tò ní ọgbà mẹ́káníìkì, tí ó pín in, tí ó gé agolo, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí àyè rẹ̀, kò tún ní béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé kí ni ìṣirò ìdá wà fún.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń ra mọ́tò lọ́wọ́ wọn kò fi irú eré yìí ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ Jack Odell kò gbà kí ọmọ mú ohun ìṣeré wá bí kò bá lè wọ inú páálí ìṣáná. Odell fi idẹ ṣe ẹ̀rọ atẹ̀nà kékeré fún ọmọ rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Matchbox ti jáde ní ọdún 1953, tí wọ́n sì kárí ayé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1930 títí di 1968, General Motors ń ṣe ìdíje kan tí à ń pè ní Fisher Body Craftsman's Guild fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe. Láti ọdún 1937 wọ́n gbà wọ́n láàyè láti ro mọ́tò tiwọn lọ́kàn kí wọ́n sì fi ọwọ́ ṣe é ní ìdá kan nínú 12. Owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ẹ̀bùn àwọn tí ó bá gbégbá orókè. Charles Jordan gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1947. Ní ọdún 1986 ó di igbá-kejì ààrẹ ilé iṣẹ́ náà tí ó ń ṣe àbójútó yíya gbogbo ọkọ̀ wọn. Ẹ rí i pé àwọn ọlọ́rọ̀ náà ń wá ọgbọ́n lọ sí ọwọ́ ọmọdé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, mo ní ti ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu. Jelani Aliyu, tí a bí ní Kàdúná ní ọdún 1966, ti ń ya mọ́tò, ó sì ti ń ṣe kékeré rẹ̀ láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ilé ìwé ní Sókótó. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Bírínín-Kébì, ó kọjá sí Detroit ní ọdún 1990, General Motors sì gbà á sí iṣẹ́ ní ọdún 1994. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó ya ìrísí Chevrolet Volt, ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná. Ní ọdún 2017 ìjọba pè é wálé láti wá darí àjọ tí ń bójú tó ṣíṣe mọ́tò ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa níhìn-ín náà, ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi àjákù tí àwọn ará àti ọ̀rẹ́ fún un sọ Volkswagen ìjàpá kan di ọkọ̀ tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fún ní agbára.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ìwé ni kí ọmọ mọ̀. Òótọ́ ni, n kò wí pé kí ọmọ ju ìwé sílẹ̀. Kí a yan wákàtí fún ìwé, kí a sì yan wákàtí fún iṣẹ́ ọwọ́. Wọn yóò ní agolo lè gé ọmọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pẹ̀lú. Àgbà ni ó yẹ kí ó wà nítòsí, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọn yóò ní ọmọ tálákà ni ń fi agolo ṣeré, ọmọ olówó ń ra ti ọjà. Ará mi, ọmọ tí a ra mọ́tò fún mọ bí a ti ń tì í. Ọmọ tí ó ṣe é mọ bí ó ti ń rìn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Èkínní, kí a dá ìdíje sílẹ̀ ní ọdọọdún nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin láti Ìlá, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti àwọn abúlé wa. Àlòkù nìkan ni kí wọ́n lò, kí a sì wo òṣùwọ̀n, rírìn àti ẹwà rẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó jẹ́ ẹ̀bùn rẹ̀. Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù sílé, ẹ dín mọ́tò ìṣeré kù, ẹ fi ayùn kékeré, ẹ̀mú, rúlà irin àti búrọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn mẹ́káníìkì, ajórin àti rewáyà wa má ṣe lé ọmọ tí ó bá wá ṣa àjákù. Kí wọ́n ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún wọn, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan nínú oṣù kọ́ wọn. Gbogbo èyí kò tó owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún kan.

Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi. Láàrin gbogbo àwa tí a ṣe mọ́tò alágolo nígbà èwe, ta ni ó ṣì ní ọ̀kan lọ́wọ́ lónìí? Wọ́n ti bàjẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n tí a fi ṣe wọ́n sì ti bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nìyí tí kò dé ààtàn.

Bàbá ọmọ tí ó ṣe é wà láàrin wa nínú gbọ̀ngàn yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n ṣe sí àwa náà ni ó mọ̀. Bí a bá jáde, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó wá gba mọ́tò yìí padà lọ́wọ́ mi, kí ó gbé e relé, kí ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.