Ẹni Tí Ó Gbẹ́ Kòtò Sójú Ọ̀nà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Ìdèrè lẹ́yìn ìrun Alaásàrì)

 

 Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí kòtò ojú títì bá ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Èmi kò kọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ láàrin wa, èmi kò sì lè fò ó dá kí n máa sọ ti ìjọba.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa márùn-ún gbẹ́ ojú títì já láti fa páìpù omi wá sí ibi àlùwàlá. Èmi kò bú wọn nítorí omi. Ẹni tí a bá bí ní Ìdèrè kí ọdún 1990 tó dé mọ ohun tí sòbìà fi ojú wa rí, títí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn fi ń wá sí ìlú yìí nítorí rẹ̀. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Omi tí ó mọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré fún wa. Àṣìṣe wọn ni pé nígbà tí wọ́n gbé páìpù sílẹ̀ tán, erùpẹ̀ lásán ni wọ́n fi dí ojú ibẹ̀. Wọn kò gún un kí ó le, wọn kò da kankéré sí i. Òjò mẹ́ta péré ni ó gbá a lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ ọjà kan, bọ́ọ̀sì tí ó ń kó àwọn ìyá wa àti ẹrù wọn lọ sí Igbó-Ọrà kó sínú kòtò náà. Sipíríìnì iwájú kán, ṣọ́ọ̀kì kan bàjẹ́, rímù wọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Awakọ̀ náà wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú rìsíìtì mẹkáníìkì lọ́wọ́: ₦74,000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn kan nínú wa fi dá a lóhùn. Ẹnì kíní ní kádàrá ni, kí ó ní sùúrù. Ẹnì kejì ní eré ni ó ń sá. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ní kò sáré. Ẹnì kẹta béèrè bóyá Mùsùlùmí ni. Ojú tì mí gidigidi. Ẹnu yìí kan náà ni ó ń bú ìjọba ní oṣù tí ó kọjá pé wọ́n fi ọ̀nà wa sílẹ̀ kí ó máa fọ́ ọkọ̀. Ṣé nígbà tí kòtò bá jẹ́ ti ìjọba, ìwà àìbìkítà ni. Nígbà tí ó bá wá jẹ́ tiwa, ó di kádàrá?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn. Ìmáàmù Málíkì, ẹni tí ó kú ní ọdún 795, tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ọ̀nà òye rẹ̀, ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé Muwatta. Hádíìsì wà pé ẹni tí ó bá kó sínú kànga, kò sí owó ẹ̀mí lórí ẹni tí ó ni kànga. Ṣùgbọ́n Ìmáàmù ṣàlàyé pé ti ẹni tí ó gbẹ́ kànga sójú ọ̀nà gbogbo ènìyàn yàtọ̀. Bí ohun tí ó ṣe níbẹ̀ kò bá jẹ́ ohun tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe, òun ni yóò san ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Bí ó bá so ẹran mọ́ ojú ọ̀nà láìtọ́, bákan náà ni. Ẹ kíyè sí i pé Ìmáàmù kò béèrè bóyá ẹni náà fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ó béèrè ni bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ́ ibẹ̀.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a fún awakọ̀ náà ní owó gbà-má-bínú. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má pè é bẹ́ẹ̀. Gbà-má-bínú, ẹni tí ó fúnni ni ó ń ṣe oore. Èyí tí ó wà lọ́rùn wa, gbèsè ni.

Ó kan ìjọba wàyí. Ìròyìn tí a gbà wá ni pé Sáyídínà Umar ń bẹ̀rù pé bí ẹranko kan bá kọsẹ̀ ní ilẹ̀ Ìráàkì, Ọlọ́hun yóò bi òun léèrè ìdí tí òun kò fi tún ọ̀nà ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni Mẹ̀dínà ni ó wà. Ní ti òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún, ojú mìíràn ni ó fi wò ó. Ní ọdún 1788, ọkùnrin kan pe àwọn ará Devon lẹ́jọ́ nítorí pé afárá tí wọn kò tún ṣe ba kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ jẹ́. Àwọn adájọ́ lé e padà lọ́wọ́ òfo: kò sí àpò kan tí a lè fi san án, bí a bá sì gba tirẹ̀, ẹjọ́ kò ní lópin. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọ̀nà jẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn kọ̀ láti tún un ṣe. Ọdún 1961 ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó mú ààbò yìí kúrò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Ṣùgbọ́n a ti gba òmìnira nígbà náà, kò kàn wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí lè kọ̀wé sí káńsù tí ó ni ọ̀nà, kí wọ́n fi àwòrán kòtò àti rìsíìtì sí i. Síbẹ̀, bí káńsù bá fi hàn pé òun ń yẹ ọ̀nà náà wò bí ó ti yẹ, kò ní san nǹkan kan.

Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín níhìn-ín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ta ni ó dá kòtò náà. Bí kọngílá bá gbẹ́lẹ̀ tí kò fi àmì síbẹ̀, ẹjọ́ yín le ju ti ọ̀nà tí ó kàn gbó lọ. Òun àti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ni kí ẹ kọjú sí. Lẹ́yìn náà, ta ni ó ni ọ̀nà? Ti ìjọba àpapọ̀ wà lábẹ́ FERMA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002. Ti ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ti Ìbàdàn. Ìwé òfin 1999 sì ka ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí ó túmọ̀ sí Igbó-Ọrà fún àwa. Bí wọn kò bá sọ fún yín, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn ìwé yín, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ ní 2025 pé ó kan ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ya àwòrán kí òjò tó yí i padà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ gba orúkọ ẹlẹ́rìí. Ẹ má jókòó tì í: òfin tí ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba kò fúnni ju oṣù mẹ́ta lọ láti pe ẹjọ́, ọ̀pọ̀ àjọ sì wà tí a gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí ṣáájú. Ẹ wá agbẹjọ́rò ní kíá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwé adójútòfò tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ń rà, èyí tí owó rẹ̀ di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni ní January 2023. Ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíràn ni ó wà fún, kì í ṣe ọkọ̀ tiyín. (Àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ sí adójútòfò, ìlànà takaful ti wà láti 2013, a ó sọ ti ìyẹn ní ọjọ́ mìíràn.) Ohun kan sì wà tí mo rí tí kò dùn mọ́ mi: ẹni tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, tí ó ní kí mẹkáníìkì kọ ọ́ mọ́ ti kòtò. Èké ni, ìbáà jẹ́ owó ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti ₦74,000. Àwọn márùn-ún tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yóò san ₦10,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Èmi àti àwọn àgbà mẹ́ta tí a fọwọ́ sí iṣẹ́ náà láì gba àṣẹ yóò san ₦6,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde nínú owó sàká. Akọ̀wé yóò mú owó náà lọ bá awakọ̀ ní gáréèjì, kí ó má ṣe pè é wá. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a ó tú ojú ibẹ̀, a ó sì tún un dí pẹ̀lú òkúta àti sìmẹ́ńtì. Akọ̀wé ti kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ láti jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe àti láti tọrọ àṣẹ. Ìwé ti àwọn kòtò yòókù yóò tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì kí ó mú un dání.